Ìbọn Méjì Nínú Gárééjì Kan

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àjọ̀dún Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, àwọn ẹlẹ́ṣin ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ká aṣọ olówó iyebíye wọn sínú àpótí, ariwo tó kù nílẹ̀ kò ju ti àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Èkó lọ. Ọkọ̀ méje sí mẹ́sàn-án ló máa ń sùn nínú ọgbà ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lásìkò yẹn, n kò sì rántí ọdún kan tí táyà ọ̀kan nínú wọn ò jò mọ́jú.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, Camry àbúrò mi ọkùnrin ló kàn. Ó jí, ó rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá òsì ti tẹ́ mọ́lẹ̀ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. Kò bínú. Ó bọ́ agbádá sílẹ̀, ó gbé jáàkì jáde, ó mú wíìlì sípánà dání bí ẹni tó ti ṣe é rí. Nọ́ọ̀tì márùn-ún péré ló de wíìlì náà. Èkíní gbà. Èkejì gbà. Ẹ̀kẹta ní òun ò lọ síbì kankan. Ó tì í títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Ó fi ẹsẹ̀ gun ọwọ́ sípánà, ó ń fò lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé ń ka iye ìgbà tó fò. Nígbà tó di ìgbà kẹjọ, sípánà yọ kúrò, òun náà fi orúnkún kanlẹ̀, a sì rí i pé igun nọ́ọ̀tì ti ń di róbótó. La bá rán ọmọ sí Bàbá Táyà.

Fọ́kanáísà ni Bàbá Táyà, ìkóríta ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ó dé pẹ̀lú ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó ń ti kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lórí ẹsẹ̀ róbà méjì. Ọmọ náà fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnnì hó, èéfín gba inú ọgbà kan. A dúró kí afẹ́fẹ́ kún táǹkì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo nọ́ọ̀tì náà, ó ní, “Ta ló de èyí?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. “Ẹni tó de èyí, ṣe ló fẹ́ kí ẹ máa gbé ibẹ̀.” Ó wá fa irin kan yọ tó dà bí ìbọn ìlewọ́, ó so rọ́bà mọ́ ìdí rẹ̀, ó gbé e lé nọ́ọ̀tì. Tà-tà-tà-tà-tà! Ká tó sọ pé Bísímílàhì, nọ́ọ̀tì ti ń yí nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ojú irin yẹn ti wà lọ́kàn mi. Ìbọn ni mo ń pè é, nítorí ìrísí rẹ̀, orúkọ yẹn náà ni màá sì máa lò. Ìbọn méjì ló wà lọ́jà: èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, irú ti Bàbá Táyà, àti èyí tó gbé bátìrì sídìí tí kò ní okùn kankan. Ó gbà mí ní bí ọdún kan gbáko kí n tó mọ èyí tí mo fẹ́, n kò sì kábàámọ̀ ọdún náà, nítorí pé irinṣẹ́ méjèèjì yẹ ní wíwò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú gárééjì tó wà lọ́kàn mi ná. Bí ẹ bá dárúkọ gárééjì fún ọmọ Yorùbá, ibi tí agbèrò ti ń pe “Èkó, ẹnì kan ṣoṣo ló kù!” ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Tèmi kọ́ nìyẹn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, bàbá mi kọ́ ilé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá nítorí Peugeot 504 rẹ̀, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. 504 ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n òróró ẹ́ńjìnnì tó jò sílẹ̀ ṣì dúdú lára sìmẹ́ńtì títí dòní, agolo Bournvita tó kún fún nọ́ọ̀tì àti bóòtù ṣì wà lórí pẹpẹ. Ilé ọkọ̀ nìyẹn. Ènìyàn kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́.

Ohun tó wà nínú ikùn ìbọn méjèèjì kò ju ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ ní owú, ó ní ọmọ owú. Èyí jókòó, èyí ń lù ú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ìbọn. Irin kan wà lọ́wọ́ iwájú tó di ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ife irin tó ń wọ orí nọ́ọ̀tì, mú, irin wúwo mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yí. Bí nọ́ọ̀tì bá rọ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa yí. Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀, irin ẹ̀yìn á yọ kúrò lára irin iwájú díẹ̀, á sáré yí wá gbá a, á tún yọ kúrò, á tún gbá a. Ìbọn tó dára lè gbá a ju ìgbà 2,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Òun ni ariwo tà-tà-tà tí à ń gbọ́.

Ẹni tó bá ti gún iyán rí kò ní í béèrè ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọwọ́ ti kọ̀. Bí ẹ bá fi ọmọ odó ti iṣu nínú odó, ẹ lè tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, kókó ò ní í kúrò níbẹ̀. Àfi kí ẹ gbé e sókè kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Wíìlì sípánà ń ti nọ́ọ̀tì. Ìbọn ń gún un. Ìpẹtà tó mú nọ́ọ̀tì mọ́ ara bóòtù, pàápàá lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ pupa tiwa tí òjò Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kó gbẹ, lè fara da ẹni tó ń tì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gún a máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ọwọ́ ẹni tó di ìbọn mú kì í lọ́ pọ̀. Ìgbá kọ̀ọ̀kan yára tó bẹ́ẹ̀ tí ara kì í rí i gbà. Nọ́ọ̀tì nìkan ló ń jẹ ìyà náà.

Ìyàtọ̀ wọn kò ju ẹni tó ń gbé ọmọ odó sókè lọ. Nínú ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ni. Nínú èkejì, iná mànàmáná ni.

Ti afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú, n kò sì tíì yọ ọ́ lójú. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé kò ní nǹkan púpọ̀ nínú: abẹ̀bẹ̀ kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń tì yí, irin méjì tó ń gbára wọn, ibi tí ìka ń tẹ̀, ó tán. Kò sí wáyà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó lè jóná. Ó lè bọ́ sínú omi, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fún un ní òróró, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ti Bàbá Táyà ti ju ogún ọdún lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ó ń dán bí owó fàdákà níbi tí àtẹ́lẹwọ́ máa ń gbé e mú. Bí ó bá sì ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á tutù nini. Ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, torí irinṣẹ́ mìíràn gbogbo ni í gbóná bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ni, bó bá ti ráyè jáde tó nà tàntàn, a máa tutù. Ní àárọ̀ ọyẹ́, èémí ìbọn yẹn a máa jáde bí èémí ènìyàn.

Ní ti agbára, oníbátìrì ò tíì lè fojú di í pátápátá. Ẹ lọ sí Ògèrè, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí tírélà ti ń tò bí màlúù lọ́jà, ẹ wo ìbọn tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tírélà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì kan gbáko, ọkùnrin ló ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí afẹ́fẹ́ kì í ṣàárẹ̀, kì í sì í sọ pé kí wọ́n dúró kí òun gba iná.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó fẹ́ àna. Ìbọn afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ni àna rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí agbára ìtì rẹ̀ tó 90 psi ni ìbọn ìdajì íǹṣì, irú tó tó fún ọkọ̀ ilé, ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Táǹkì 24 lítà tí wọ́n ń tà fún ìlò ilé dára fún fífún táyà ní afẹ́fẹ́ àti fífọ́n ọ̀dà, àmọ́ bí ẹ bá so ìbọn mọ́ ọn, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì wíìlì kan tán, ohùn ìbọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, tà-tà-tà á di tà… tà… tà. Ẹ ó dúró. Ẹ ó gbọ́ bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ṣe ń mí gúlegúle. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ láìdúró ní láti wá táǹkì ńlá, ó kéré tán irú èyí tó ju 50 lítà dáadáa, àti ẹ̀rọ alágbára tó ń fi afẹ́fẹ́ kún un.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ti Ìmùṣin. Ẹ̀rọ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin méjì ń jẹ iná tó tó 1,500 wáàtì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìlọ́po rẹ̀ ló sì ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tó bá ń dìde. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí “I better pass my neighbour” kò tó 1,000 wáàtì. Mo gbìyànjú rẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ mi kan. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ní “hùùn”, jẹnẹrétọ̀ ní “ẹ̀ẹ̀”, àwọn méjèèjì sì dákẹ́ bí tọkọtaya tó ń bínú síra wọn. Jẹnẹrétọ̀ ńlá lè gbé e, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ epo ti tán, ta ló fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ ńlá nítorí nọ́ọ̀tì márùn-ún?

Omi tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa kún fún ọ̀rinrin, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ sì ń fún un bí ẹni fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan. Omi tó bá jáde lára rẹ̀ á sọ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ẹni tí kò bá ń ṣí ẹnu ìyọmi tó wà nísàlẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ṣiṣẹ́, omi náà á gba inú rọ́bà lọ sínú ìbọn, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ á dípẹtà. Èyí tó burú jù ni táǹkì fúnra rẹ̀. Táǹkì tí omi ti ń jẹ láti inú lè bú lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí, irin rẹ̀ á sì fò bí ọta. Bàbá Táyà kì í gbàgbé èyí. Kó tó ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, á ṣí i, á jẹ́ kó tú “ṣììì” sórí iyanrìn títí omi pupa á fi tán. Lẹ́yìn náà, á kán òróró mélòó kan sí ìdí ìbọn, á wé e sínú àkísà. Mo ti rí ẹni tí kò tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo bi í nígbà kan ìdí tí kò fi ra oníbátìrì. Ó wò mí bí ẹni tí kò lọ sílé ìwé. “Ọ̀gá, kí ni mò ń tà?” Mo ní táyà. Ó ní, “Rárá o. Afẹ́fẹ́ ni mò ń tà.” Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọjà rẹ̀ kó tó di pé ó ra ìbọn. Ìbọn kàn ń jẹ èérún tó bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì ni. Ẹni tí kò bá ta afẹ́fẹ́, tó wá gbé gbogbo ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀ nítorí ìbọn, ó dà bí ẹni tó gbẹ́ kànga nítorí ife omi kan.

Ọjà Bàbá Táyà náà kò sì ní í tán láìpẹ́. Ìjẹ̀bú mọ ọ̀rọ̀ táyà tipẹ́: Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí lọ́dún 1902, tó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1971, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé iléeṣẹ́ táyà kalẹ̀ nílẹ̀ wa, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Michelin dáwọ́ síṣe táyà dúró ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, táyà tó ti rìn ní Yúróòpù títí ó fi rẹ̀ ẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń rà, bí òfin tilẹ̀ ka kíkó o wọlé léèwọ̀. Tòkunbọ̀ kì í pẹ́ kó tó jò. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ wa ṣe ń rí ìtú ju bí ẹni tó ṣe é ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo èkejì. Ìtàn oníbátìrì dùn mọ́ mi nítorí ibi tó gbà kọjá. Ní 1961 ni Black & Decker ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ìdáhò àkọ́kọ́ tí kò ní okùn jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ fún ètò Gemini, èyí tí wọ́n fi kó ènìyàn lọ sí òfuurufú láàárín 1965 sí 1966. Ẹ rò ó wò: ẹni tó léfòó lójú sánmọ̀, tí kò ní ilẹ̀ tó lè fẹsẹ̀ tì, bó bá fi sípánà yí nọ́ọ̀tì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí. Irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wọn ń yí bóòtù láìyí ẹni tó dì í mú. Nígbà tí mo kà á, àbúrò mi tó ń fò lórí wíìlì sípánà ló wá sí mi lọ́kàn. Òun náà ì bá ti léfòó lọ́jọ́ náà bí kì í bá ṣe ilẹ̀ Ìmùṣin tó dá a dúró.

Bátìrì àtijọ́ wúwo, ó sì tètè ń kú. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni bátìrì lithium, tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà ní 1991, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2019 dá àwọn mẹ́ta tó là á sílẹ̀ lọ́lá. Òun kan náà ló wà nínú fóònù wa. Nínú ìdí ìbọn, bátìrì kéékèèké márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ fóòtì mẹ́ta àti díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbọn kan fi ń jẹ́ 18V. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná sí i tán, márùn-ún náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ mìíràn fi ń kọ 20V sára ohun kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lé e lọ́wọ́ yín nítorí fóòtì méjì yẹn.

Ìmọ̀ kékeré yìí gbà mí ní Ọ̀wọ́dé Onírin, níbi tí mo ti lọ wo ojú ọjà. Ọmọkùnrin kan gbé ìbọn kan síwájú mi tí wọ́n kọ “388VF” gàdàgbà sí lára. Ó ní fóòtì 388 ni. Fóòtì 388! Iná NẸ́PÀ tó ń gbé fíríìjì kò ju 230 lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi yọ bátìrì náà kí n wò ó, mo yí i padà, mo rí i kedere lẹ́yìn pé 21 ni. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò lè tú nọ́ọ̀tì o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tú u. Ẹni tó bá purọ́ nípa orúkọ rẹ̀ ni mi ò fẹ́ gbà sílé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Total àti Ingco wà, tó kún ọjà wa báyìí, tí owó wọn kò pọ̀ jù. Makita, DeWalt àti Milwaukee wà lókè, níbi tí ọwọ́ tèmi ò ti fẹ́ẹ́ tó. Ẹ má bi mí ní iye. Iye tí mo bá kọ lónìí, ọjà á ti fò ó kọjá kí ẹ tó kà á.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn gbogbo àròjinlẹ̀ mi lòdì sí ohun tí mo ti kọ́kọ́ rò. Mo ti rò pé níbi tí iná kò ti dúró, ohun tó ń fi iná ṣiṣẹ́ kò lè wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe lásìkò òjò. Wọn ò mọ ìgbà tí òjò á tún rọ̀, nítorí náà bó bá ti ń rọ̀, wọ́n á gbé dúrọ́ọ̀mù àti korobá sábẹ́ páànù. Bátìrì ni dúrọ́ọ̀mù yẹn. NẸ́PÀ lè mú iná wá ní agogo méjì òru, a ṣì ń pè é ní NẸ́PÀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Kò kàn mí. Mo ti ki bátìrì bọ ṣájà kí n tó sùn. Bí iná náà bá sì kọ̀ tí kò wá fún ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò lè jí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ lè gba iná sí bátìrì láìlàágùn, sólà tó wà lórí òrùlé àwọn aládùúgbò mi náà lè ṣe é. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fẹ́ iná ní ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ bá dé gan-an. Oníbátìrì ti jẹun kalẹ̀ ní tirẹ̀.

Ó tún ní ẹ̀yẹ mìíràn: ó ń bá mi rìn. Ó wà nínú búùtì ọkọ̀ mi lọ́jọ́ tí táyà jò lẹ́yìn Ògbèrè, lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ pẹ́ sí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti kúrò níbẹ̀. Ìbọn afẹ́fẹ́ kò lè ṣe irú rẹ̀. Ewúrẹ́ tó wà lórí ìso ni, ibi tí okùn rẹ̀ bá mọ ni ayé rẹ̀ mọ.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Kò fẹ́ràn ooru, búùtì ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn ọ̀sán kì í sì í ṣe ibùsùn fún un. Mo ti kọ́ láti máa gbé bátìrì wọlé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bátìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó bó ti wù kí ẹ tọ́jú rẹ̀ tó, òmíràn tuntun sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbówó lórí tó ìbọn fúnra rẹ̀. Bátìrì iléeṣẹ́ kan kì í sì í wọ ìdí tòmíràn. Ẹni tó bá ra ìbọn kan ti wọ agbo ilé kan nìyẹn. Ó wúwo lọ́wọ́ ju ti afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ní adùn. Ti afẹ́fẹ́ ń kọrin. Tèyí ń ráhùn.

Ibì kan wà tí mi ò ti gba èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì gbọ́: dídè. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbì kan tí n kò ní í dárúkọ, wọ́n fi ìbọn de wíìlì mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ké. Nígbà tí mo fẹ́ tú u nílé, bóòtù wíìlì méjì ṣẹ́ sínú. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ Corolla tàbí Camry kò fẹ́ ju agbára ìyí 103 Nm lọ. Ìbọn oníbátìrì tó lágbára lè ṣe ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn bí ìka bá pẹ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà, mo ń fi ìbọn tú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdè. Màá kọ́kọ́ fi ìka yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wọlé, màá fún un pọ̀ díẹ̀, láti èyí sí èyí tó kọjú sí i, kì í ṣe yípo, lẹ́yìn náà ni sípánà olóṣùwọ̀n, èyí tó máa ń dún “kọ́!” bó bá ti tó, á parí rẹ̀. Bí mo bá dé Èkó, tí mo ti rin nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, màá tún wò ó lẹ́ẹ̀kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní irú tirẹ̀: dúdú ni kí ẹ rà, èyí tó nípọn. Èyí tó ń dán bí ṣíbí ìgbéyàwó le, ó sì tètè ń fọ́. Bí ìbọn bá ń gún un, ojú yín ni èérún rẹ̀ lè bá lọ.

Oníbátìrì ni mo rà. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ han Bàbá Táyà, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wo ìdí rẹ̀ níbi tí rọ́bà yẹ kó wà.

“Ẹ kú ọjà o, Ọ̀gá. Tọ́ọ̀ṣì lẹ rà yìí?”

Mo ní, “Bàbá, ó ń tú nọ́ọ̀tì o.”

“Mo gbọ́. Tó bá ti tú u tán, ẹ tàn án kí ẹ fi wá ọ̀nà ilé.”

Gbogbo àwọn tó jókòó sábẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní àárọ̀ Sátidé kan, ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn ọgbà. Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá ní kí n kí yín. Kàbúrétọ̀ ẹ́ńjìnnì wa ló dojú dé, bọ́ọ̀sì kan sì wà nílẹ̀ tí àwọn èrò inú rẹ̀ ń lọ síbi òkú. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ yá àwọn ní…” Ojú tì í láti parí rẹ̀. Mo bá a parí rẹ̀, mo gbé ìbọn náà fún un, mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì lé e.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá fúnra rẹ̀ gbé e padà wá, ó ti wé e sínú àkísà tó mọ́, ó sì ti nu gbogbo ara rẹ̀. Ó kọjá lọ sí gárééjì láìjẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, ó yọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ láti inú àpò rẹ̀, ó wọn táyà ọkọ̀ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní méjì ti rẹlẹ̀, kí n gbé ọkọ̀ wá sí ìkóríta lọ́la tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, òun ò ní í gba kọ́bọ̀. Ó wá nawọ́ ìbọn náà sí mi.

“Ẹ ṣeun o, Ọ̀gá. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni mo fi ṣe.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì yín ti kú.”